Ẹkùn Kì í Ṣe Táígà: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Etí Odò Ògùn

Lára ògiri yàrá ìkàwé kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òtò, ní ìhà Èbúté-Mẹ́ta, ni mo ti rí àwòrán tí ó bí àròkọ yìí. Wọ́n rán mi lọ síbẹ̀ láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ni wọ́n tò sára páálí ńlá kan, àwòrán kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ajá fún A, bàtà fún B, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó kan Ẹ, wọ́n kọ ẹkùn gàdàgbà, ṣùgbọ́n ẹranko tí ó dúró lókè orúkọ náà pupa rúsúrúsú, ìlà dúdú gbọọrọ-gbọọrọ sì wà lára rẹ̀ láti ọrùn títí dé ìrù. Táígà ni. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń fi ohùn kan ké e pé "Ẹ, ẹkùn", tí ojú wọn sì wà lára ẹranko tí àwọn baba ńlá wọn kò rí rí.

A kò lè dá ayàwòrán nìkan lẹ́bi. Àṣìṣe yìí wà nínú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè kan, ó wà nínú ìwé ìkàwé àwọn ọmọdé, ó sì wà lẹ́nu àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ẹkùn kì í ṣe táígà, àti pé àṣìṣe náà ti ń ṣe wá ní ibi ju bí a ti rò lọ. Ẹkùn ni ẹranko tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní leopard, èyí tí àmì dúdú róbótó-róbótó kún gbogbo ara rẹ̀. Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni ó kàn wá nínú ìyẹn? Ẹranko ṣáà ni ẹranko ń jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fara balẹ̀ bá mi dé etí odò méjì, ọ̀kan ní òkè òkun, èkejì nílé.

Ilẹ̀ Éṣíà nìkan ni táígà ti ń gbé inú igbó. Kò sí ìgbà kan tí ó gbé igbó Áfíríkà rí. Èyí tí a bá rí níhìn-ín, inú ọgbà tàbí inú àgò ni wọ́n gbé e sí láti òkèèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i ní ilé rẹ̀ lè lọ sí irú ọgbà Chitwan ní orílẹ̀-èdè Nepal, tí ó wà ní etí odò Rapti. Ọdún 1973 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀. Ní 1984 wọ́n kà á mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé jọ ni. Ẹyẹ ibẹ̀ ju irú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ, ṣùgbọ́n táígà ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bá wá. Ní 2009, táígà tí ó kù ní gbogbo Nepal kò ju 121 lọ. Ìjọba, àwọn ọmọ ogun àti àwọn ará abúlé jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti máa ṣọ́ igbó, nígbà tí wọ́n sì kà wọ́n ní 2022, wọ́n ti di 355.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè kíyè sí. Leopard náà wà nínú igbó Nepal, òun àti táígà ni wọ́n jọ ń dọdẹ. Àwọn ará ibẹ̀ kò sì fi orúkọ kan pe àwọn méjèèjì: bagh ni wọ́n ń pe táígà, chituwa ni wọ́n ń pe leopard. Ẹni tí ó ń bá ẹranko méjì gbé ní láti ní orúkọ méjì, nítorí pé bí a bá ké sí i pé "ẹranko náà ń bọ̀", ó yẹ kí ó mọ èyí tí òun ń sá fún. Àwa kò bá táígà gbé. Báwo ni a ṣe wá ní orúkọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀?

Àwa náà ní ọgbà tiwa ní etí odò. Òun ni ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Old Oyo National Park, tí ó wà ní Òkè-Ògùn, tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé sì wà nínú rẹ̀, ìlú ńlá tí ogun mú kí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Igbó ọba méjì ni ó para pọ̀ di ọgbà yìí: ti Òkè Odò Ògùn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1936, àti ti Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di igbó àbò fún ẹranko, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà ní ìbú òun òró. Odò Ògùn (kí akọ̀wé ṣọ́ra, kí ó má fi àmì ohùn sọ ọ́ di Ògún, òrìṣà irin) ni ó la ibẹ̀ kọjá. Odò Yemọja ni, láti ìhà Ṣakí ni ó ti ń bọ̀. Ó gba inú ọgbà, ó gba Abẹ́òkúta, títí ó fi wọ inú ọ̀sà Èkó. Ọ̀sà yìí kan náà ni ó wà létí ilẹ̀ Olótò, òun náà ni ó sì wà lẹ́yìn yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkọkà. Nítorí náà, ọmọ Òtò tí ó ń fi ojú wo ọ̀sà ń wo omi tí ó ti fọ ẹsẹ̀ ẹranko Òkè-Ògùn.

Ní 2017 ni mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan rìn lọ sí ọgbà náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. A sùn ní ìlú, a sì jí wọ inú igbó ní ìdájí pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ ọgbà kan, àgbàlagbà tí baba rẹ̀ jẹ́ ọdẹ ní àgbègbè náà kí òun tó gba aṣọ ìjọba. Kò pẹ́ rárá tí a fi rí ìgalà, ó wo wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọgbó lọ. A rí àwọn ọ̀bọ lórí àpáta. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ni ó pọ̀ jù. Lékèélékèé tò sí etí odò bí ẹni pé wọ́n sá aṣọ funfun. Awó ń sáré níwájú wa bí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Àtíòro ń fò kọjá lókè pẹ̀lú ariwo ìyẹ́ rẹ̀. Àwòdì kan sì ń rá bàbà ní ojú ọ̀run títí a fi kúrò níbẹ̀. Bàbá ẹ̀ṣọ́ kò fi ìkankan nínú wọn sílẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń ki ẹyẹ náà kí ó tó sọ fún wa bí ó ti ń jẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní ìbéèrè. Ó jọ pé oríkì ni ó kọ́kọ́ mọ̀, kí ó tó mọ ìwé tí ìjọba fún un.

Ọ̀kan nínú wa ni ó bi í pé, "Bàbá, ẹkùn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹkùn kì í ṣe ohun tí a ń rí lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n pa ọ̀kan, wọ́n sì ru ú lọ sí ààfin, nítorí ọba ló ni awọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo mú àwòrán méjì jáde nínú àpò mi, ti leopard àti ti táígà, láìsọ orúkọ kankan. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n fẹ̀ wọ́n tán. Ó fi ìka kan èyí tí ó ní àmì róbótó-róbótó. "Ẹkùn rèé." Mo wá fi táígà hàn án, mo ní, "Bàbá, èyí ńkọ́, sà?" Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. "Èyí ò sí nínú igbó wa. Ó jọ ológbò tí ọmọ iléèwé fi gègé kọ ní ara." Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ó ní òun ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ-ọmọ òun sì ń pè é ní ẹkùn, ṣùgbọ́n òun rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnu ẹ̀ṣọ́ kan kò tó láti fi dájọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ibòmíràn. Àwọn ọdẹ máa ń sọ pé ẹkùn a máa gun igi, a sì máa gbé ẹran tí ó bá pa lọ sórí igi kí ìkokò má baà gbà á jẹ. Ìwà leopard gan-an nìyí. Táígà tí ó sanra tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà gun igi, kì í sì í gbé ẹran rẹ̀ rọ̀ sórí rẹ̀. Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú. Ẹ̀kpẹ̀n ni àwọn Ẹ̀dó ń pe ẹranko yìí, òun sì ni àmì ọlá Ọba Bìní. Ẹkùn méjì kan wà tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, eyín erin márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ nígbà tí wọ́n ja Bìní lógun ní 1897, tí wọ́n sì fi ta Ọbabìnrin Fikitóríà lọ́rẹ. Àwọn agbẹ́gilére náà fi bàbà róbótó-róbótó lẹ gbogbo ara wọn. Kò sí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ní Àgbómì, ìtàn sọ pé ẹkùn kan tí wọ́n ń pè ní Agasu ni ìdílé ọba ti ṣẹ̀ wá. Gbogbo ìhà yìí ti bọ̀wọ̀ fún ẹranko kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, alámì róbótó ni, kì í ṣe onílà.

Kódà àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, mọ̀ ọ́n. Ní ìwé Jeremáyà, orí 13, ẹsẹ 23, níbi tí wòlíì ti ń béèrè nípa ẹranko tí kò lè pààrọ̀ àmì ara rẹ̀, leopard ni ó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹkùn sì ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀.

Níbo wá ni táígà gbà wọlé? Èrò tèmi ni pé ọ̀nà méjì ni. Èkínní, àwọn òyìnbó oníṣòwò tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí etí òkun wa kì í ya leopard àti táígà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Tiger ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pe ẹkùn tí wọ́n bá rí awọ rẹ̀ lọ́jà. Ẹni tí ó bá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wọn yóò kọ́ àṣìṣe náà mọ́ ọn. Èkejì ni àmọ̀tẹ́kùn. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí ẹgbẹ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn túmọ̀ orúkọ náà sí leopard. Bí leopard bá ti gba orúkọ àmọ̀tẹ́kùn, kí ni ó kù fún ẹkùn láti jẹ́? Wọ́n á wá ohun tí ó tóbi jù ú lọ, ni wọ́n bá mú táígà láti Íńdíà. Bẹ́ẹ̀ orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá fetí sí i. Ẹkùn wà ní ìdí rẹ̀. Ẹkùn ni a fi wọn ẹranko náà. Ẹranko mìíràn ni, tí ó jọ ẹkùn ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ẹkùn. Àwọn kan sọ pé cheetah ni, ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ó ń sá eré bí ọfà, tí díẹ̀ nínú irú rẹ̀ ṣì wà nínú àwọn igbó W, Arly àti Pendjari ní ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bá a pààlà. Bàbá ẹ̀ṣọ́ wa sọ fún mi pé àmọ̀tẹ́kùn kéré sí ẹkùn, itan rẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn. N kò ní jà lórí ìyẹn.

Mo ti sọ pé àṣìṣe náà ń ṣe wá ní ibi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwa. Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ ìjálá, ẹni tí ó bá ti gbà pé táígà ni ẹkùn yóò dé ibi tí ọdẹ ti ń ṣàpèjúwe àmì ara ẹkùn, kò sì ní mọ ohun tí yóò ṣe. Mo ti ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó pe àwọn àmì náà ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, tí ó sì fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé ohun tí wọ́n dúró fún. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ kọ́ o! Ohun tí ọdẹ fi ojú rí ni ó ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, tí ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, ti jẹ́ kí ó yé wa bí ọ̀rọ̀ ẹranko ti gba àyè tó nínú ìjálá. Ìmọ̀ nípa igbó ni oríkì wọ̀nyí, bí a bá sì pààrọ̀ ẹranko inú wọn, irọ́ ni a fi sí ẹnu ọdẹ.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù wà lóde yunifásítì. Lẹ́yìn ìrìn àjò náà, mo lọ sí ọjà Òyìngbò, tí kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo sọ, mo sì bá ìyá kan tí ó ń ta lékuléjá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ǹjẹ́ awọ ẹkùn máa ń wá síbí?" Ó wò mí bóyá ọlọ́pàá ni mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú ẹkùn ti kúrò lọ́jà. Ẹni tó bá fi hàn ọ́ lónìí, awọ ẹtà ni." Gbogbo ènìyàn ni ó mọ òwe tí ó sọ pé Òyìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹkùn gan-an nìyí. Ó ti kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀, táígà ti jókòó síbẹ̀, ọjà sì ń lọ. Ọmọ Òtò tí ó rí táígà Íńdíà nínú tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ yóò sùn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹkùn pọ̀ rẹpẹtẹ, pé wọ́n ń ṣọ́ ọ, pé ó ń bí sí i. Òótọ́ ni, táígà ń bí sí i: 3,682 ni wọ́n kà ní Íńdíà nínú ètò ìkànìyàn ẹranko ti 2022. Ṣùgbọ́n ẹkùn tiwa kò sí nínú oníye yẹn. Láti 2016 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti kọ leopard mọ́ àwọn ẹranko tí ewu wà fún, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ni ó ti burú gan-an, nítorí pé igbó ti di oko, ẹran tí ó ń pa jẹ sì ti di ẹran ìgbẹ́ nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Nàìjíríà ní òfin nípa rẹ̀, òfin 11 ti ọdún 1985, tí ó lòdì sí títa irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ kéde òfin náà fún ọdẹ ní èdè rẹ̀, orúkọ wo ni a ó pè? Bí a bá tẹ̀lé ìwé ìròyìn, tí a ní kí ó má pa àmọ̀tẹ́kùn, yóò gbà. Lọ́jọ́ kejì yóò yìnbọn fún ẹkùn, kò sì ní ṣẹ̀ sí ohun tí a sọ fún un.

Ẹyẹ náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kín ni gbogbo wa ń pè ní peacock. Ṣùgbọ́n ẹyẹ peacock tí a ń rí nínú àgbàlá àwọn olówó, láti Íńdíà ni ó ti wá, ó sì wà nínú igbó Chitwan tí mo sọ lókè, níbi tí táígà wà. Irú rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti Áfíríkà wà nínú igbó Kóńgò, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. 1936 ni onímọ̀ kan tí ó ń jẹ́ James Chapin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nípa rẹ̀ fún aráyé. Ọ̀kín tí àwọn baba wa fi ṣe ọba ẹyẹ, tí ìyẹ́ rẹ̀ wà fún adé, kò lè jẹ́ ẹyẹ tí wọn kò rí. Àwọn kan ní ẹyẹ funfun etí omi kan ni, àwọn mìíràn ní ẹyẹ kékeré onírù gígùn kan ni, èyí tí ó wà nínú igbó wa títí di òní. Agbe, àlùkò àti lékèélékèé kò ní wàhálà yìí, bóyá nítorí pé aró, osùn àti ẹfun tí a fi ń ki wọ́n ti so àwọ̀ wọn mọ́ orúkọ wọn.

Ẹnì kan sọ fún mi pé èdè a máa yí padà, kí a fi ẹkùn sílẹ̀ fún táígà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí ràkúnmí ti òkè ọya dé, a kò pe ẹṣin ní ràkúnmí; a gba orúkọ àlejò náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí tòlótòló, ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dé, a kò gba orúkọ adìyẹ kí a fi fún un. Kí ni ó ṣe tí táígà kò lè jẹ́ táígà? Ẹni tí kò bá fẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò lè pè é ní ẹkùn abilà, ó ṣáà ti yàtọ̀.

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, mo dá a lábàá pé kí a máa kọ leopard nígbàkúùgbà tí a bá ń túmọ̀ ẹkùn sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti àmọ̀tẹ́kùn àti ọ̀kín, iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń wá àkòrí àpilẹ̀kọ. Kí ó lọ sí Òkè-Ògùn, kí ó kọjá sí Kétu àti Sábẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ó bá àwọn àgbà ọdẹ nígbà tí wọ́n ṣì wà. Àwòrán ni kí ó mú lọ, kí ó má mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kí ó po ti ẹranko ilé àti ti òkèèrè pọ̀ mọ́ ara wọn, kí ó dákẹ́, kí ó sì kọ orúkọ tí wọ́n bá pe ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú tí wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀.